Ẹ Bi Wá: Ajá méjì, motorhome kan, Faransé lóṣù Ọ̀kítóbà

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Leeds lèmi àti bàbá àwọn ọmọ mi ń gbé, àwọn ọmọ ti lọ yunifásítì, ilé wá dákẹ́ lọ gbári, la bá lọ ra motorhome àlòkù, ọkọ̀ tí wọ́n ń sùn tí wọ́n ń dáná nínú ẹ̀, kò ju tọ́ọ̀nù mẹ́ta àbọ̀ lọ. A fẹ́ lo bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní Faransé, láti ìparí Sẹ̀tẹ́ḿbà wọ Ọ̀kítóbà, ká dé apá Dordogne lọ́hùn-ún. Ajá méjì la ní, Labrador àgbà kan àti kékeré kan tí ò tíì pé ọdún kan. Ọkọ mi ní ká ṣáà máa lọ, pé ibi tílẹ̀ bá ṣú wa sí la máa sùn. Èmi ò gbà. Ẹ jọ̀ọ́, kí la máa kọ́kọ́ ṣe? (Ìyá Ajá, Leeds)

Ìdáhùn: Ìyá Ajá, ẹ kúulé o. Ọkọ yín ò jẹ̀bi tán o jàre, torí ọ̀rọ̀ ká sùn síbi tílẹ̀ bá ṣú sí yẹn, Faransé gba onímotorhome láyè ju Ìlú Ọba lọ fíìfíì. Àmọ́ ti àwọn ajá yẹn, ẹ̀yin ni mò ń gbè lẹ́yìn. Tó bá jẹ́ èmi ni, ọjọ́ tẹ́ẹ máa padà ni màá kọ́kọ́ sàmì sí lórí kàlẹ́ńdà, màá wá máa kà á bọ̀ sẹ́yìn títí màá fi dé ọjọ́ tẹ́ẹ máa gbéra. Àwọn èèyàn máa ń gbájú mọ́ lílọ, àbọ̀ ló ń há wọn lọ́nà.

Ìdí ni pé kí ajá tó lè wọ Ìlú Ọba padà, dókítà ẹranko gbọ́dọ̀ fún un lóògùn aràn, kó kọ ọjọ́ àti aago sínú ìwé ẹ̀, kó sì tẹ òǹtẹ̀ lé e. Láti ìgbà tó bá gbé òògùn yẹn mì sí ìgbà tẹ́ẹ máa wọlé, kò gbọ́dọ̀ dín ní wákàtí 24, kò sì gbọ́dọ̀ ju wákàtí 120 lọ, ìyẹn ọjọ́ márùn-ún géérégé. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ọ̀sán Mọ́ńdè lẹ fẹ́ kọjá: àárọ̀ Wẹ́sídè ti jìnnà jù, Sátidé ọ̀pọ̀ nínú àwọn dókítà ẹranko ibẹ̀ ti máa ń tilẹ̀kùn tó bá ti di ọ̀sán, Sọ́ńdè ẹ má wulẹ̀ dá ara yín láàmú, torí náà Fúráìdé láàárọ̀ ló dáa jù. Ẹ ti fóònù gbàyè sílẹ̀ kẹ́ẹ tó kúrò ní Leeds, kẹ́ẹ sì bi wọ́n pé ṣé praziquantel wà nínú òògùn tí wọ́n máa lò, torí òun làwọn aṣọ́bodè ń wá. Bí ìrìn yín bá lọ fà wọ Nòfẹ́ḿbà, ẹ rántí pé 1 àti 11 Nòfẹ́ḿbà, ọlidé ni gbogbo Faransé.

Ẹ má sì lọ rí dókítà yẹn ní Calais o, níbi tí gbogbo ayé ń sáré gbà kọjá. Apá Abbeville ni kẹ́ẹ wò, kẹ́ẹ wá fi Sátidé àti Sọ́ńdè ṣeré ní Baie de Somme, etí òkun apá ibẹ̀. Ní Ọ̀kítóbà, èrò ti tán níbẹ̀, iyanrìn lọ salalu, ajá á sáré títí á fi rẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ fokùn sọ́rùn wọn níbi tí àgùntàn ti ń jẹko àti níbi tí àwọn séèlì ti ń sùn, kẹ́ẹ sì bèèrè àsìkò tí òkun máa kún, torí omi ibẹ̀ kì í rọra wá.

Ó wá ku ti lílọ. Pet passport tí wọ́n ń ṣe ní Ìlú Ọba tẹ́lẹ̀ ò wúlò mọ́ láti 1 January 2021. Animal Health Certificate, ìwé ẹ̀rí ìlera ẹranko, lẹ máa gbà, AHC tí wọ́n ń pè é, tuntun sì ni gbogbo ìgbà tẹ́ẹ bá ń lọ. Àárín ọjọ́ mẹ́wàá kẹ́ẹ tó wọ Faransé ni wọ́n gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, tẹ́ẹ bá sì ti wọlé, oṣù mélòó kan lẹ lè fi máa rìn kiri. Ìwé kan gba ajá márùn-ún, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba owó ìwé méjì lọ́wọ́ yín. Kì í ṣe gbogbo dókítà ẹranko ló láṣẹ àtifọwọ́ sí i, iye tí wọ́n ń gbà sì yàtọ̀ síra gidi, ẹ pe bíi mẹ́ta. Ti kékeré yẹn lẹ máa fojú sí jù: microchip, ẹ̀rọ bíńtín tó ní nọ́ńbà tí wọ́n ń fi sábẹ́ awọ ajá, ló gbọ́dọ̀ ṣáájú, abẹ́rẹ́ dìgbòlugi tẹ̀ lé e nígbà tó ti pé ọ̀sẹ̀ méjìlá ó kéré tán, kẹ́ẹ wá dúró fún ọjọ́ 21. Tí wọ́n bá gún un lábẹ́rẹ́ kí wọ́n tó fi microchip sí i, bíi pé wọn ò gún un rárá ni, ẹ yáa wo ìwé ẹ̀ lónìí.

Nítorí Labrador àgbà yẹn, ihò abẹ́ òkun láti Folkestone ni màá gbà, ìṣẹ́jú 35 péré, ẹ̀yin àtàwọn ajá lẹ jọ máa wà nínú ọkọ̀. Ẹ pa gáàsì ìdáná kẹ́ẹ tó wọlé. Tó bá jẹ́ gáàsì (LPG) ni ẹ́ńjìnnì yín ń lò dípò epo, wọn ò ní gbà yín síbẹ̀, ọkọ̀ ojú omi láti Dover nìyẹn, bíi wákàtí kan àbọ̀. Tẹ́ẹ bá ń bọ̀, ẹ máa yà sí Pet Reception ní Calais, wọ́n á na ẹ̀rọ kékeré kan sí yín, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa fi yí ọrùn àti èjìká ajá ká títí á fi ké píì, nọ́ńbà tó bá jáde gbọ́dọ̀ bá ti inú ìwé mu.

Oúnjẹ ńkọ́? Ẹran díndín, kílíṣí, mílíìkì, ṣíìsì, ẹ fi gbogbo ẹ̀ sílé, òfin ò jẹ́ kẹ́ẹ gbé e wọlé láti Ìlú Ọba, oúnjẹ ajá tó lẹ́ran nínú náà wà nínú ẹ̀. (Òfin yẹn ò kan gàrí o.) Leclerc àti Carrefour, àwọn ilé ìtajà ńlá ibẹ̀, kún fún oúnjẹ ajá, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ ra ìwọ̀nba wò kí inú wọn má baà bàjẹ́ nínú ọkọ̀ tẹ́ẹ jọ ń sùn.

Ní ti ibi sísùn tí ọkọ yín ń sọ, ìlú kéékèèké ní ibi tí wọ́n ń pè ní aire de camping-car, ẹ máa rí omi pọn, ẹ máa rí ibi da ìdọ̀tí nù. Ẹ má dúró síbi tí wọ́n bá kọ ọ́ sí pé ọjà ń ná lọ́la, bí irú Sarlat tó ń ná ọjà ní Sátidé, aago mẹ́fà àárọ̀ ni wọ́n máa gbálẹ̀kùn yín. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni France Passion, ẹ san owó ọdún kan, àwọn àgbẹ̀ àtàwọn tó ń ṣe wáìnì á jẹ́ kẹ́ẹ sun oorun ọ̀fẹ́ wákàtí 24 lóko wọn, tẹ́ẹ bá ṣáà ní tọ́ílẹ́ẹ̀tì nínú ọkọ̀. Ẹ kí wọn kẹ́ẹ tó pa ẹ́ńjìnnì. Ẹni tí ò bá sọ bonjour níbẹ̀ ti dàbí ẹni tí ò kí bàbá lágboolé. Ibùdó àwọn alágọ̀ọ́ ńkọ́? Púpọ̀ ti máa ti ilẹ̀kùn tó bá di àárín Ọ̀kítóbà, ẹ pè kẹ́ẹ tó lọ.

Àmọ́ nínú oko àjàrà yẹn, ẹ so Labrador yín mọ́lẹ̀. Àsìkò ìkórè ni, èso máa ń já sílẹ̀, àjàrà sì ń ba kíndìnrín ajá jẹ́, ẹ mọ̀ pé Labrador kì í bi oúnjẹ pé ta ni bàbá ẹ. Dordogne náà kún fún èso wọ́núùtì, èyí tó bá ti bu lábẹ́ igi, májèlé ni. Eégbọn ló sì burú jù ní apá ibẹ̀ lásìkò ìwọ́wé, wọ́n ń kó àrùn kan tí wọ́n ń pè ní piroplasmose ràn ajá. Ẹ lo òògùn eégbọn kẹ́ẹ tó lọ, ẹ máa fọwọ́ tú abẹ́ etí àti abíyá wọn lálaalẹ́, tí ajá bá kọ oúnjẹ, tára ẹ̀ gbóná, tí ìtọ̀ ẹ̀ wá dúdú, ilé dókítà lọ́jọ́ náà ni o, ẹ má dúró dọ̀la.

Àwọn ọdẹ náà ńkọ́? Láti Sẹ̀tẹ́ḿbà lọ títí dé ìparí Fẹ́búárì ni wọ́n ń ṣọdẹ ní Faransé, Sọ́ńdè ló pọ̀ jù. Ẹ̀yin àti ajá, ẹ wọ nǹkan tó ń tàn yòò, tẹ́ẹ bá rí bọ́ọ̀dù tó ní "chasse en cours", ìyẹn pé wọ́n ń ṣọdẹ lọ́wọ́, ẹ ṣẹ́rí padà. A ti máa ń sọ pé ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ, níbẹ̀ ọdẹ gan-an wà nínú igbó.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, Rottweiler lèmi ní, ọ̀rẹ́ mi tá a jọ ń lọ ní Boerboel. Ṣé kò séwu? (Túndé, Peckham)

Ìdáhùn: Ewu ń bẹ fún ọ̀rẹ́ ẹ. Òfin Faransé ti 1999 pín irú ajá báyìí sọ́nà méjì. Rottweiler wà ní ìpín kejì, ó lè wọlé, àmọ́ okùn àti ìdínu ẹnu ò gbọ́dọ̀ kúrò lára ẹ̀ níta, àgbàlagbà ló sì gbọ́dọ̀ mú un dání. Ajá tó bá jọ mastiff, tí wọ́n ń pè ní boerbull, tí ò ní ìwé ìran tí wọ́n mọ̀, ìpín kìíní nìyẹn, wọn ò gbọ́dọ̀ mú un wọ ilẹ̀ wọn rárá. Kó wá ẹni tó máa bá a tọ́jú ẹ̀ sílé.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Pasipọ́ọ̀tù Nàìjíríà lèmi ń lò, mo ní ILR, àṣẹ àtimáa gbé Ìlú Ọba títí lọ, níbí, ti ìyàwó mi ti di ti Bìrìtìkó. Ṣé mo lè bá òun àti ajá lọ? (Baba Ìbejì, Luton)

Ìdáhùn: ILR ò ṣí ilẹ̀kùn Faransé o. Ìyàwó yín lè wọlé láìgba físà, ọjọ́ 90 nínú 180, wọ́n á kàn ya fọ́tò ẹ̀, wọ́n á gba ìtẹ̀ka ẹ̀ sínú ètò tuntun tó bẹ̀rẹ̀ ní 12 October 2025. Ẹ̀yin, físà Schengen, tí Faransé àtàwọn ìlú Yúróòpù míì jọ ń lò, lẹ máa gbà, ẹ lè kọ̀wé bèèrè fún un láti oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìn yín, ó pẹ́ tán ọjọ́ 15 ṣáájú. Ẹ jẹ́ kí físà wọlé ná kẹ́ẹ tó gbé ajá lọ gba AHC, torí ọjọ́ mẹ́wàá péré ni tiẹ̀ ní, kò ní dúró de ẹ́ḿbásì.