Ṣé ìjọba lè gé owó ìfẹ̀yìntì olówó ní Òṣogbo, kí wọ́n fi ran ọ̀dọ́ lọ́wọ́?

Rárá, bí òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀ tó fẹ̀yìntì ní Òṣogbo bá tilẹ̀ kọ́lé mẹ́wàá, ọrọ̀ rẹ̀ kò kan owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀. Èrè iṣẹ́ tó ti ṣe ni, kì í ṣe owó ìrànwọ́, abala 210 ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 ló sì dáàbò bò ó.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni irú àríyànjiyàn yìí ti gbilẹ̀. Láti 2025, àgbàlagbà tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún bá ju £35,000 lọ ní England àti Wales kò ní jẹ àǹfààní owó ìgbà òtútù, ìyẹn owó tí ìjọba ń fún àgbàlagbà kí wọ́n lè mú ilé wọn móoru. Wọ́n á gbà á padà bí ẹni gba owó-orí. Owó ìfẹ̀yìntì ìjọba gan-an, wọn kì í torí ọrọ̀ gé e níbẹ̀ náà.