Ṣé a lè wo ìṣíjibò oòrùn nínú omi bàsíà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, dókítà ojú. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 2006, nígbà tí òṣùpá bo oòrùn, tí ilẹ̀ dédé ń ṣú lówùúrọ̀, inú omi bàsíà la ti wo oòrùn ládùúgbò wa. Wọ́n ní òmíràn ń bọ̀ ní ọjọ́ 2 oṣù kẹjọ ọdún 2027. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ mi ń gbé ní London, èkejì wà ní Málaga lórílẹ̀-èdè Sípéènì. Ṣé kí àwọn náà gbé omi kalẹ̀? Fíìmù X-ray ńkọ́? Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn.

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, kí wọ́n má gbé omi kalẹ̀ o. Lóòótọ́ ni omi ń dín ìmọ́lẹ̀ oòrùn kù, ohun tó sì ń tan èèyàn jẹ nìyẹn. Bí oòrùn bá wà lókè, nǹkan bí ìdá kan nínú 50 ni omi ń dá padà sójú ẹni. Awò ìṣíjibò tó péye, ìyẹn awò dúdú tí a fi ń wo oòrùn, kì í jẹ́ kí ó ju ìdá kan nínú 30,000 lọ. Ìmọ́lẹ̀ inú bàsíà fi nǹkan bí ìlọ́po 600 ju ohun tí awò ń gbà wọlé. Bí oòrùn bá tún rẹlẹ̀, omi á dá jù bẹ́ẹ̀ lọ padà. Ẹni tó bá da aró tàbí èédú sí i kò rí nǹkan ṣe, torí ojú omi ló ń dán, kì í ṣe ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Fíìmù X-ray náà kò dára. Dúdú rẹ̀ kò dọ́gba: ibi tí egungun ti hàn funfun yẹn, ìmọ́lẹ̀ ń gbabẹ̀ kọjá fàlàlà. Kódà ibi tó dúdú gan-an, ìtànṣán kan wà tí ojú kì í rí tó lè gbabẹ̀ wọlé.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù ni pé bí oòrùn bá ń ba ojú jẹ́ báyìí, kì í dun èèyàn. Awọ tó ń gba àwòrán nínú ẹyinjú kò mọ ìrora. Ẹni náà á wo oòrùn, á rẹ́rìn-ín, á sùn. Bí ilẹ̀ bá mọ́, á wo ojú ọmọ rẹ̀, á rí etí àti irun, ṣùgbọ́n imú á ti di àbàwọ́n. A kò ní oògùn tó dájú fún un. Nígbà míì ó máa ń dínkù láàárín oṣù mélòó kan, nígbà míì kì í lọ. Bí òṣùpá bá tilẹ̀ bo ìdá 99 nínú 100, ìyókù tó ṣẹ́kù ṣì mọ́lẹ̀ ju òṣùpá àrànmọ́jú lọ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìlọ́po.

Kí wọ́n ra awò tí wọ́n kọ ISO 12312-2 sí lára (ìlànà àgbáyé fún awò tí a fi ń wo oòrùn), lọ́wọ́ ẹni tó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Kí wọ́n wọ̀ ọ́ nínú yàrá: wọn kò gbọ́dọ̀ rí nǹkan kan, àfi gílóòbù iná tó mọ́lẹ̀ gan-an, òun náà á rí bàìbàì. Bí ó bá ti ya tàbí ní ihò, kí wọ́n gé e sọnù. Dígí àwọn wẹ́dà dára bí nọ́ńbà tó ń sọ bó ṣe dúdú tó bá jẹ́ 14, ṣùgbọ́n 10 tàbí 11 ló pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Kí wọ́n má sì wọ awò yìí wo inú awò awọ̀nàjíjìn, torí ńṣe ni yóò kó ìmọ́lẹ̀ jọ, á sì jó o lu.

Ẹni tí kò rí awò rà, kó gé ihò sí páálí, kó lẹ bébà fóìlì mọ́ ọn, kó fi abẹ́rẹ́ lu fóìlì náà lẹ́ẹ̀kan. Kó kẹ̀yìn sí oòrùn, kó jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ gba ihò náà bọ́ sórí bébà funfun tó jìnnà sí i ní mítà kan. Oòrùn tó fẹ̀ tó mìlímítà 9 á hàn níbẹ̀, pẹ̀lú ibi tí òṣùpá ti bù jẹ. Bí ihò bá tóbi jù, á di bàìbàì. Bébà ni kó máa wò o, kó má yọjú wo inú ihò. Ìmọ́lẹ̀ tó ń gba àárín ewé igi kọjá náà máa ń fi irú àwòrán yìí hàn nílẹ̀.

Òjìji kíkún òṣùpá, ìyẹn ibi tí oòrùn ti máa bò pátápátá, kò fẹ̀ tó 300 kìlómítà, ìdí nìyẹn tí ìlú méjèèjì kò fi ní rí bákan náà. Ní London, òṣùpá kò ní bo tó ìdajì ojú oòrùn, nítorí náà kí ọmọ yín má bọ́ awò rárá. Ti Málaga á bò pátápátá, ṣùgbọ́n kò ní tó ìṣẹ́jú méjì. Ìgbà yẹn nìkan ló lè bọ́ awò. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ti tàn pẹ́ẹ́ létí òṣùpá báyìí, kó dá a padà sójú.