Ẹ má tíì lọ bá àwọn òbí ọmọ yẹn

Màmá, ẹ kú ìdààmú ọmọ. Mo ka ohun tí ẹ kọ lẹ́ẹ̀mejì, mo sì ní láti dìde rìn kiri inú ilé kí n tó lè jókòó dá yín lóhùn. Ẹ ní ọmọkùnrin yín, ọmọ ọdún 9, inú máa ń run ún láràárọ̀ ọjọ́ Ajé, pẹ́ńsù rẹ̀ kì í pé mọ́ tó bá dé, tí ẹ bá sì bi í, á ní kò sí nǹkan. Ẹ ti mọ ọmọ tó ń fòòró rẹ̀, ẹ wá ń béèrè bóyá kí ẹ lọ bá àwọn òbí ọmọ náà nílé.

Ẹ má tíì lọ. Èmi lọ ní tèmi, màá sọ bó ṣe rí.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ inú rírun yẹn, torí ibẹ̀ gan-an ló dùn mí jù. Ọmọ ọdún 10 ni ọmọ mi obìnrin nígbà tí tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Tó bá ti ilé ìwé dé, kì í dúró kí mi. Báàgì á ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀, bàtà á ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, á ti sáré wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Mo máa ń bá a wí pé eré àṣejù ni kò jẹ́ kó rántí tọ̀ kó tó máa bọ̀ nílé. Nígbà tó yá, abẹ́ ikùn bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, mo gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Wọ́n yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Wọ́n fún un lóògùn, ó sàn, ó tún padà. Dókítà kejì ní kí n máa fún un lómi dáadáa. Nínú gbogbo wọn, kò sí ẹnì kan ṣoṣo tó bi ọmọ yẹn pé, "Níbo lo ti máa ń tọ̀ nílé ìwé?" Èmi tí mo bí i náà ò bi í.

Oṣù 5 ni ọmọ yẹn fi ń pa ìtọ̀ mọ́ra láti àárọ̀ títí ilé ìwé á fi parí, torí inú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni àwọn ọmọbìnrin mẹ́ta ti máa ń dúró dè é. Wọ́n á di ilẹ̀kùn mú níta, wọ́n á máa fi í rẹ́rìn-ín títí agogo á fi lù. Ló bá kúkú ṣíwọ́ omi mímu. Ìgò omi tí mo bá pọn fún un láàárọ̀, bó ṣe kún dẹ́múdẹ́mú lọ náà ló ń kún dẹ́múdẹ́mú bọ̀. Èmi ni mo máa ń da omi náà nù nírọ̀lẹ́, èmi náà ni mo tún máa ń pọn òmíràn. Mo dà á nù fún oṣù 5, mi ò bi ara mi léèrè kankan.

Nítorí náà, ẹ má pe inú rírun yẹn ní irọ́. Ó ń run ún lóòótọ́. Ẹ gbé e lọ fún àyẹ̀wò, ṣùgbọ́n ẹ yẹ ìgò omi rẹ̀ wò, ẹ wo abọ́ oúnjẹ rẹ̀, ẹ wo ẹ̀yìn ìwé rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ̀yìn ìwé ni àṣírí tèmi ti tú. Mo fẹ́ wo iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan ni mo rí i pé wọ́n ti fi bírò ha orúkọ rẹ̀ títí páálí fi ya, wọ́n wá kọ "Atọ̀ọ́lé" sí abẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ kan péré ni ìtọ̀ bọ́ lára rẹ̀ ní kíláàsì. Mo bi í pé ta ló kọ eléyìí. Ó ní, "Màámi, orúkọ mi nìyẹn." Kò sunkún. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ ọjọ́ orí rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì mo forí lé ilé ọmọ tó jẹ́ olórí wọn. Ìyá rẹ̀ gbà mí dáadáa, ó pe ọmọ jáde, ó jágbe mọ́ ọn lójú mi, ó ní kó tọrọ àforíjì. Mo padà sílé bí ẹni tó ṣẹ́gun. Láti ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, wọ́n tún sọ fún gbogbo kíláàsì pé kí ẹnikẹ́ni má bá a sọ̀rọ̀. Ọ̀sẹ̀ 3 gbáko ni kò fi rí ẹni jókòó tì. Ìyẹn ò sì ní ojú ọgbẹ́ tí èèyàn lè fi han tíṣà. Ìdí tí mo fi ní kí ẹ má lọ nìyẹn. Òbí mìíràn tiẹ̀ lè kọjú ìjà sí yín, torí ta ló fẹ́ gbọ́ pé ọmọ òun ń jẹ ọmọ ẹlòmíì níyà? Ilé ìwé ló yẹ kó pè wọ́n.

Ilé ìwé náà ńkọ́? Ọ̀gá wọn wò mí lójú, ó ní eré ọmọdé ni. Ó pe ọmọ mi àti olórí àwọn mẹ́ta yẹn, ó ní kí wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́ kí wọ́n sì gbàgbé ẹ̀. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Inú ṣì ń bí mi. Dan Olweus, onímọ̀ ará Sweden tó bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí ọ̀rọ̀ kí ọmọ ilé ìwé máa fòòró ẹgbẹ́ rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1970, tó sì lo ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́nu rẹ̀ ní Norway, ti là á yé wa: ẹni tó ń ṣe é mọ̀ọ́mọ̀ ń ṣe é, ó ń ṣe é léraléra, agbára àwọn méjèèjì ò sì dọ́gba. Ọmọ méjì tí agbára wọn dọ́gba lè jà kí wọ́n parí ẹ̀. Ọmọ mẹ́ta sí ẹyọ kan, kí ni wọ́n fẹ́ parí? Tí wọ́n bá ní kí ọmọ yín wá bọ onítọ̀hún lọ́wọ́, ẹ kọ̀ ọ́.

Olùgbani-nímọ̀ràn tí wọ́n darí wa sí ò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgbà 6 la lọ, ìgbà 6 ló ń kọ́ ọmọ mi bí á ṣe máa gbé orí sókè tó bá ń rìn. Ọmọ mi kọ́ ló di ilẹ̀kùn.

Ohun tó ràn wá lọ́wọ́ ni ìwé. Mo ra ìwé kékeré kan, mo ń kọ ọjọ́, aago, ibi tó ti ṣẹlẹ̀, ẹni tó ṣe é, ẹni tó wà níbẹ̀. Mo ya àwòrán ẹ̀yìn ìwé yẹn. Lẹ́yìn náà mo kọ lẹ́tà sí ọ̀gá ilé ìwé, mo tọ́jú ẹ̀dà, ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀: àgbàlagbà wo ló máa ń wà nítòsí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ní àkókò ìsinmi? Kò sí. Wọ́n fi tíṣà kan síbẹ̀, ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sì parí. Gbogbo oṣù yẹn, àgbàlagbà kan lẹ́nu ọ̀nà ni wọn ò fi síbẹ̀.

Ti kíláàsì ló pẹ́. Mo ti kà pé àwọn olùwádìí ní Kánádà wo àwọn ọmọdé níbi tí wọ́n ti ń ṣeré, tí wọ́n sì gbé ìwádìí náà jáde ní ọdún 2001. Nígbà tí ọmọ mìíràn bá dá sí i, ju ìdajì lọ ni ìfòòró náà dáwọ́ dúró láàárín ìṣẹ́jú àáyá 10. Àmọ́ àwọn tó ń dá sí i ò pọ̀, ọ̀pọ̀ kàn ń wòran ni. Mo tẹ̀ ẹ́ sórí páálí, mo gbé e lọ fún tíṣà rẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó bá mi wá ọmọ kan ṣoṣo tí kì í bẹ̀rù. Ó rí ọ̀kan. Ọmọ yẹn gbé ìjókòó rẹ̀ wá sí ẹ̀gbẹ́ tèmi, kò tiẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ kan. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn mìíràn ti ń bá ọmọ mi sọ̀rọ̀.

Kí n má gbàgbé, ẹ má sọ fún un pé kó lù ú padà. Tó bá lágbára láti lù ú, ọ̀rọ̀ ò ní dé ibi tó dé. Tó bá sì ní fóònù, tí wọ́n ń bú u lórí rẹ̀, ẹ má gba fóònù náà; tí ẹ bá gbà á, kò ní sọ nǹkan kan fún yín mọ́ láé. Ẹ ya àwòrán ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ kí wọ́n tó pa á rẹ́.

Bí á ṣe sọ̀rọ̀ náà, ẹ má bi í pé, "Ta ló ń nà ẹ́?" Ẹ bi í nígbà tí ọwọ́ yín bá dí tí ẹ ò wo ojú rẹ̀: "Ẹ̀gbẹ́ ta lo jókòó sí nígbà ìsinmi lónìí?" Tèmi, inú òkùnkùn ló ti sọ púpọ̀ jù, nígbà tí mo bá pa iná tán tí mo ṣì dúró díẹ̀.

Ẹ kọ lẹ́tà yẹn lọ́sẹ̀ yìí, ẹ fún wọn ní ọjọ́ tí ẹ fẹ́ èsì. Tí ọjọ́ bá pé tí wọn ò fọhùn, ẹ kọ òmíràn sí àwọn tó ń bójú tó ilé ìwé náà, kí ẹ fi ẹ̀dà ti àkọ́kọ́ sí i. Tí wọ́n bá sì fèsì, ẹ sọ ohun tí wọ́n kọ fún mi, màá bá yín kà á.