Egbére tó ń sọ tẹnu rẹ̀: ṣé ìtàn lè tú yìgì?

Ìbéèrè: Asalamu alaykum, Àáfáà. Mo máa ń kọ ìtàn sórí fóònù mi, èdè Yorùbá ni mo fi ń kọ ọ́. Nínú èyí tí mo ń kọ lọ́wọ́, egbére ló ń fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́: "Èmi egbére, ohun tí ojú mi rí rèé." Arákùnrin kan tó máa ń ṣe wáàsí ládùúgbò wa kà á. Ó ní ẹni tó bá fi "èmi" sẹ́nu àlùjọ̀nnú ti di kèfèrí, pé kí n tún kálímà ṣe, pé yìgì mi ti tú. Ọjọ́ kẹsàn-án rèé tí bàbá àwọn ọmọ mi ti ń sùn ní pálọ̀. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Wa alaykumu salam, ọmọ mi. Kí n tó sọ ohunkóhun, sọ fún bàbá àwọn ọmọ rẹ pé kó padà sí yàrá lálẹ́ òní. Kò sí ohun tó ṣe yìgì yín. Ẹ kò ní tún un so, kò sì sí sàdáákì (owó ìyàwó) tuntun kankan. Kálímà tí wọ́n ní kí o ṣe, máa ṣe é bí o ti ń ṣe é lẹ́yìn ìrun tẹ́lẹ̀, kì í ṣe bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gba ẹ̀sìn.

Inú bí mi nígbà tí mo ka ìbéèrè yìí, n kò ní fi pamọ́. Ọmọ tó fi ọdún méjì wo fídíò, tí kò jókòó ti àáfáà kankan lórí ẹní rí, òun ló wá ń tú yìgì onílé kiri bí ẹni ń tú okùn ewúrẹ́. Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, sọ pé bí ẹnìkan bá pe ọmọ ìyá rẹ̀ ní kèfèrí, ọ̀rọ̀ náà yóò já lé ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì lórí. Bukhari àti Muslim, àwọn tó kó hádíìsì (ọ̀rọ̀ Ànábì) jọ, ló gbà á wá. Bí kò bá bá ọ, ibo ló máa gbà? Kí arákùnrin yẹn ro ìyẹn kó tó sùn. Lójú ọ̀nà Imam Malik tí àwọn àgbà wa tọ̀, ọ̀rọ̀ kíkúrò nínú ẹ̀sìn máa ń tú yìgì lóòótọ́, ó sì máa ń gba ogún lọ́wọ́ ẹni. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rù fi máa ń ba àwọn àgbà láti la ẹnu sọ ọ́.

Ẹ jẹ́ ká wá wo "èmi" tó ń da arákùnrin yẹn láàmú yìí. Bó bá ń ké Suratul Jinn nínú ìrun, ọ̀rọ̀ ta ló ń sọ? "Inna sami'na Kur'anan 'ajaba": àwa gbọ́ kíké kan tó jẹ́ ìyanu. Àwọn àlùjọ̀nnú ló ni "àwa" yẹn. Ní áyà 11, àwọn náà ló ní ẹni rere wà nínú àwọn, àwọn tí kò tó bẹ́ẹ̀ sì wà. Bó bá dé Suratul A'raf, yóò ké "ana khayrun minhu", èmi lóore jù ú lọ. Ọ̀rọ̀ Ìbìlíìsì gan-an nìyẹn, síbẹ̀ kò ní tún kálímà ṣe kó tó lọ sí rúkúù. Ohun tí ọmọ ilé kéwú ti ń gbọ́ lẹ́nu àwọn onímọ̀ ni pé ẹni tó gbé ọ̀rọ̀ kèfèrí sọ kì í torí ìyẹn di kèfèrí. (Bí egbére bá tilẹ̀ wà, àlùjọ̀nnú ni. Bí kò bá sí, ààlọ́ ni. Kò sí ẹ̀kẹta.)

Ó lè ní ohun tó ṣẹlẹ̀ ni Kùránì ń ròyìn, pé ìwọ ń hun tìrẹ, irọ́ sì ni. Níbí yìí ni ọ̀rọ̀ wà. Hádíìsì kan wà lọ́dọ̀ Abu Dawud àti Tirmidhi pé ègbé ni fún ẹni tó ń sọ̀rọ̀, tó ń purọ́ kó lè fi pa àwọn èèyàn lẹ́rìn-ín. N kò ní fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n kí ni wọ́n ń pè ní irọ́? Pé kí o sọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀, kí ẹni tó ń gbọ́ ọ lè gbà pé bẹ́ẹ̀ ló rí. Nígbà tí ìyá àgbà bá ní "Ààlọ́ o!", tí a dá a lóhùn "Ààlọ̀!", kò sí ọmọ tó lọ ń wá Ìjàpá ní ilé àna rẹ̀ nígbà tílẹ̀ mọ́. Àdéhùn ti wà láàárín òun àti àwa. Al-Hariri, tó kú ní ọdún 516 Híjírà, tí àwọn àáfáà ń fi Makamat, ìwé ìtàn rẹ̀, kọ́ ìjìnlẹ̀ Lárúbáwá, ti fèsì sí èyí nínú ọ̀rọ̀ àkọ́sọ ìwé náà. Ó ní wọn kò gbọ́ ọ rí pé etí ẹnikẹ́ni kọ ìtàn tí wọ́n fi sẹ́nu ẹranko àti ohun tí kò lẹ́mìí, tàbí pé ẹnikẹ́ni ka àwọn tó ń sọ ọ́ sí ẹlẹ́ṣẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti sin láti bí 900 ọdún ni wọ́n tún wá ń hú.

Mo ka ìtàn rẹ. Ibi tí egbére ti jókòó sídìí àràbà lóru, tí ọwọ́ rẹ̀ ń wá ẹní tí kò sí lábẹ́ apá rẹ̀ mọ́, tó ń gbọ́ ẹ̀rín ọmọ ọdẹ tó jí ẹní náà gbé ní òdìkejì odò, níbẹ̀ ni mo gbé fóònù sílẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Láti kékeré ni wọ́n ti ń sọ fún wa pé ẹni tó bá gba ẹní egbére yóò lówó. Kò sẹ́ni tó bi wá pé kí ni egbére yóò sùn lé.

Àánú kọ́ ni mo bá ọ jà sí. Abu Hurayra, ọ̀kan nínú àwọn tó bá Ànábì rìn, ń ṣọ́ oúnjẹ sàká Ramadan, ó mú olè kan, olè ní òun ní ìyàwó àti ọmọ, pé ìyà ń jẹ òun. Ó ṣàánú rẹ̀, ó fi í sílẹ̀. Nígbà tílẹ̀ mọ́, Ànábì ní: ó purọ́ fún ọ, yóò sì padà wá. Ó padà wá lóòótọ́. Lẹ́ẹ̀kẹta ló kọ́ Abu Hurayra ní Ayatul Kursi, áyà ààbò inú Kùránì, Ànábì sì ní: òótọ́ ló sọ fún ọ, òpùrọ́ sì ni. Ṣàtánì ni. Ànábì kò bá Abu Hurayra wí torí àánú, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kó gba ẹjọ́ olè gbọ́.

Ibẹ̀ ni ìtàn rẹ ti ṣìnà. Ní apá kẹta, egbére ní: "Ọlọ́hun ló dá mi báyìí, òun ló ni ẹ̀bi ohun tí mo bá ṣe." Ó ti ọmọ náà sódò, ìtàn parí, kò sí ẹnì kan tó dá a lóhùn, kódà ẹyẹ. Ọ̀rọ̀ yẹn lólóhùn, ọmọ mi. "Fabima aghwaytani" ni Ìbìlíìsì sọ fún Olúwa rẹ̀: nítorí pé Ìwọ ló ṣì mí lọ́nà. Ànábì Adam náà ṣẹ̀, ṣùgbọ́n tirẹ̀ ni "Rabbana zalamna anfusana": Olúwa wa, àwa la ṣàbòsí sí ara wa. Kí egbére sọ ìdí tó fi ṣe é, kò láìfí. Kí ìtàn bá a gbà pé kò jẹ̀bi, màkúrúù ni lójú tèmi, ohun tí ẹ̀sìn kò fẹ́ ṣùgbọ́n tí kò tó haramu.

Èyí tí n kò ní pè ní màkúrúù lásán ni kí ẹ̀dá inú ìtàn rẹ bú Ànábì kankan. Kadi Iyad, onímọ̀ tó tọ ọ̀nà Imam Malik bíi tiwa, sọ nínú ìwé rẹ̀, Shifa, pé ìdí tí ẹnìkan fi gbé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sọ la máa wò, ó lè jẹ́ ọ̀ranyàn, ó sì lè jẹ́ haramu. Èyí tí wọ́n gbé sọ fún fàájì, haramu ni. Bó bá sì kan ọfọ̀, sọ pé ó pe ọfọ̀, kí o kọjá. Má kọ ọ́ sílẹ̀.

Tún apá kẹta kọ. Má mú àáfáà wá síbẹ̀ kó wá ṣe wáàsí fún egbére o, ìtàn á bàjẹ́. Ìyá ọmọ náà lè wá sí etí odò. Bí o bá parí rẹ̀, fi ránṣẹ́ sí mi, mo fẹ́ mọ̀ bóyá ó rí ẹní rẹ̀ gbà.