"Plea" Kì Í Ṣe Ẹ̀bẹ̀

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ògbufọ̀ wa. Ọmọ mi ọkùnrin wà ní Houston. Green card ló ní, kò tíì di ọmọ ìlú wọn. Ó fi fọ́tò ìwé kóòtù kan ránṣẹ́ sí mi. "United States of America v." ni wọ́n kọ sókè, orúkọ ọmọ mi ló tẹ̀ lé e. Ẹ̀rù bà mí. Ó ní "grand jury" ti fẹ̀sùn kan òun, wọ́n ti gba béèlì òun, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ lòun máa lọ ṣe "plea". Ṣé wọ́n ti dá a lẹ́bi nìyẹn? Mo ní kó yáa bẹ̀ wọ́n. — Ìyá kan, Ìbàdàn.

ÌDÁHÙN: Màmá, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Mo mọ̀ pé ẹ ò tíì sùn. Ẹ jẹ́ kí n ti ìparí lẹ́tà yín bẹ̀rẹ̀, torí òun ló ká mi lára jù: ẹ má sọ fún un mọ́ pé kó bẹ̀ wọ́n. Ẹ pè é lónìí, kí ẹ ní kó gbọ́ ti agbẹjọ́rò rẹ̀.

Bàbá kan wà tí mo rí lẹ́nu ọ̀nà kóòtù, ó di ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú, ó ní, "Dọ̀bálẹ̀ fún adájọ́, sọ pé iṣẹ́ èṣù ni." Ọmọ náà kò tíì rí ẹ̀rí kan ṣoṣo tí ìjọba ní. Nílé tí wọ́n ti tọ́ èmi náà, ẹni tó bá dọ̀bálẹ̀, ẹjọ́ rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ti ibẹ̀ yàtọ̀. Ìdáhùn sí ẹ̀sùn ni plea: "mo jẹ̀bi" tàbí "mi ò jẹ̀bi". Ẹni tó bá ní òun jẹ̀bi, tí adájọ́ sì gbà á, ìgbẹ́jọ́ ti parí nìyẹn. Júrì, ìyẹn àwọn aráàlú tó ń pinnu bóyá èèyàn jẹ̀bi, ò ní jókòó mọ́, ìyà tí wọ́n máa fi jẹ ẹ́ ló kù.

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ka ẹ̀sùn sí i létí, tí wọ́n ń pè ní arraignment, "mi ò jẹ̀bi" ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sọ. Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ kò purọ́, kò sì rí adájọ́ fín. Ohun tó ń sọ ni pé kí ìjọba kó ẹ̀rí wá. Bí òun àti agbẹjọ́rò rẹ̀ bá yẹ ẹ̀rí náà wò tán, ó ṣì lè yí ohùn padà.

Ti green card yẹn náà ń kọ mí lóminú. Ní 2010, nínú ẹjọ́ Padilla àti ìpínlẹ̀ Kentucky, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ wọn sọ pé agbẹjọ́rò gbọ́dọ̀ la oníbàárà rẹ̀ tí kì í ṣe ọmọ ìlú lóye bí "mo jẹ̀bi" bá lè mú kí wọ́n lé e padà sílé. Kóòtù ìmígíréṣọ̀n, tó ń gbọ́ ẹjọ́ lílé èèyàn padà sílé, kò sì sí lára àwọn kóòtù tí à ń sọ yìí. Abẹ́ ilé iṣẹ́ ètò ìdájọ́ ìjọba ló wà. Èèyàn lè ṣẹ̀wọ̀n tán kí tibẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Kó bi agbẹjọ́rò rẹ̀ ní tààrà kó tó la ẹnu.

Wọn ò tíì dá a lẹ́bi o. Aráàlú 16 sí 23 ni grand jury, ìkọ̀kọ̀ ni wọ́n ń jókòó sí, agbẹjọ́rò ìjọba ló ń kó ẹ̀rí wá síwájú wọn. Agbẹjọ́rò ọmọ yín ò lè wọ ibẹ̀. Bí 12 nínú wọn bá gbà pé ọ̀rọ̀ náà tó gbé dé kóòtù, wọ́n á fọwọ́ sí ìwé ẹ̀sùn, indictment nìyẹn. Júrì tó lè dá a lẹ́bi yàtọ̀: èèyàn 12, ohùn gbogbo wọn sì gbọ́dọ̀ ṣọ̀kan.

Ti "United States of America" yẹn, orúkọ olùpẹ̀jọ́ ni, bí wọ́n ṣe ń kọ "Federal Republic of Nigeria" tí EFCC bá gbé èèyàn lọ sí kóòtù.

Tí kò bá lówó agbẹjọ́rò, kó sọ fún adájọ́, wọ́n á yan ọ̀kan fún un. Ẹ má sì jẹ́ kó kọ ọ̀rọ̀ ẹjọ́ náà sí yín lórí WhatsApp, ìjọba lè fi ṣe ẹ̀rí. Tí ẹ bá pè é, ẹ bi í bóyá ó ti jẹun, ẹ ṣàdúrà fún un, kí ẹ jẹ́ kó lọ sùn.