Ọjọ́ wo gan-an ni kí a kọ sára kàlẹ́ńdà ìtàn ilé ẹ̀kọ́ wa?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ ni mí ní Kétu. A fẹ́ tẹ kàlẹ́ńdà tí yóò máa fi ọjọ́ ogun àti ọjọ́ ìtàn hàn, kí akẹ́kọ̀ọ́ kan lè máa kà á sétí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ láàárọ̀. Àmọ́ àwọn ìwé kò bára mu: ọ̀kan ní 1892 ni Dàhòmì ṣubú, òmíràn ní 1894 ni. Báwo la ó ṣe ṣe é?

ÌDÁHÙN: Olùkọ́ wa, ẹ kú làálàá. Ìwé méjèèjì ló tọ̀nà, ohun tí wọ́n ń sọ ni kò dọ́gba. Ẹ má kọ "Dàhòmì ṣubú" tàbí "ogun parí" rárá. Ohun tí ẹnì kan ṣe lọ́jọ́ náà ni kí ẹ kọ. Ọjọ́ 17 oṣù kọkànlá 1892: ọmọ ogun Faransé tí ọ̀gágun wọn, Dodds, kó lẹ́yìn wọ Àgbómẹ̀, olú-ìlú Dàhòmì, Béhanzin ọba ibẹ̀ sì ti ní kí wọ́n dáná sun ún kí wọ́n tó dé. Ọjọ́ 3 oṣù kejìlá 1892: Dodds kéde pé òun ti yọ Béhanzin lóyè. Oṣù kìíní 1894: Béhanzin jọ̀wọ́ ara rẹ̀. Ìlà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn.

Ogun àgbáyé méjèèjì náà ní irú rẹ̀. Nǹkan bí aago márùn-ún ìdájí ọjọ́ 11 oṣù kọkànlá 1918 ni wọ́n fọwọ́ síwèé pé kí ìjà dúró, àmọ́ aago mọ́kànlá òwúrọ̀ ni àdéhùn náà tó múlẹ̀, èèyàn sì ń kú títí di ìgbà yẹn. Ní ìlà-oòrùn Áfíríkà, ọjọ́ 25 oṣù náà ni Lettow-Vorbeck, ọ̀gágun Jámánì, tó kó ohun ìjà rẹ̀ sílẹ̀. Ní 1945 ẹ̀wẹ̀, tí ogun kejì ń parí ní Yúróòpù, Jámánì fọwọ́ síwèé pé àwọn túúbá ní Reims, nílẹ̀ Faransé, lọ́jọ́ 7 oṣù karùn-ún, ó múlẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ 8. Nígbà tí wọ́n sì tún un ṣe ní Berlin lálẹ́ ọjọ́ 8 náà, aago Moscow ti kọjá ọ̀gànjọ́ òru, ló fi di pé ọjọ́ 9 ni Rọ́ṣíà ń ṣe tirẹ̀.

Ní ti Kétu fúnra rẹ̀, ọdún 1886 tí Dàhòmì fọ́ ìlú ni kí ẹ kọ, láìfi ọjọ́ sí i. Ìlú tí wọ́n sàga tì kì í ṣubú lóòjọ́. Ẹ fi í sí ìsàlẹ̀ ojú ewé oṣù kìíní, níbi tí kò ti ní àpótí ọjọ́. Èyí tó ní ọjọ́ ni ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ 1889, tí Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fẹnu kò lórí ààlà, tí Kétu fi bọ́ sọ́wọ́ Faransé. Ahoro ni ìlú náà ṣì wà lọ́jọ́ tí wọ́n ń pín in!

Bí àgbà bá sọ ìtàn ogun Dàhòmì fún yín, ẹ bi í léèrè bóyá ẹ̀ẹ̀rùn ni tàbí òjò. Ẹ̀ẹ̀rùn ni Dàhòmì sábà máa ń jáde: ọjọ́ 3 oṣù kẹta 1851 ni wọ́n kọlu Abẹ́òkúta, wọ́n sì tún padà wá lọ́jọ́ 15 oṣù kẹta 1864. Bí ẹnì kan bá fún yín ní oṣù keje, ẹ rọra. Faransé ló yàtọ̀ ní 1892. Wọ́n dúró kí odò Wẹ̀mẹ̀ kún kí ọkọ̀ ogun wọn lè gòkè, ìdí nìyẹn tí ìjà Dogba fi bọ́ sí ọjọ́ 19 oṣù kẹsàn-án. Bí àgbà náà bá sì ní "ọjọ́ karùn-ún ọjà", ọjọ́ ọjà wà nínú kíkà rẹ̀. Mẹ́rin ni kí ẹ fi kún un.

Àwọn tí n kò ní fò: ọjọ́ 20 oṣù kẹrin 1890, tí Faransé àti àwọn èèyàn Toffa, ọba Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), dojú kọ ogun Dàhòmì ní Atchoupa lẹ́bàá ìlú náà, ọjọ́ 1 oṣù kejìlá 1944, tí Faransé yìnbọn pa àwọn ọmọ ogun adúláwọ̀ tiwọn tó ń béèrè owó wọn ní Thiaroye, ní Sẹ̀nẹ̀gàl, ọjọ́ 1 oṣù kẹjọ 1960, òmìnira Dàhòmì, ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá 1972, tí Kérékou, ọ̀gá ológun, gbàjọba, ọjọ́ 16 oṣù kìíní 1977, tí Bob Denard, ará Faransé, àti àwọn jagunjagun olówó-ọ̀yà rẹ̀ fi ọkọ̀ òfuurufú balẹ̀ sí Kùtọ́nù láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, tí wọ́n sá lọ láìpẹ́, tí wọ́n sì gbàgbé ìwé àṣírí wọn sílẹ̀. Bí ẹ bá ń da kàlẹ́ńdà àtijọ́ kọ, ẹ ṣọ́ra: lásìkò Kérékou, ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ni ọjọ́ orílẹ̀-èdè, torí ọjọ́ náà ní 1975 ni orúkọ Dàhòmì di Benin.

Ó kù bí ẹ ó ṣe mọ ọjọ́ tó bọ́ sí láàárín ọ̀sẹ̀. Ọjọ́ Ajé ni òmìnira. Bí kàlẹ́ńdà yín bá jẹ́ ti 2026, láti 1960 dé 2026 jẹ́ ọdún 66. Ẹ ka iye ìgbà tí ọjọ́ 29 oṣù kejì wọlé láàárín wọn, láti 1964 dé 2024: 16. Ó di 82. Ẹ yọ ọ́ ní méje-méje, yóò ku 5. Ẹ ka márùn-ún láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ Àbámẹ́ta ni. Ibi tí wọ́n ti ń ṣì í ni pé wọ́n ń ka ti 1960 mọ́ ọn, bẹ́ẹ̀ sì rèé, oṣù kejì ọdún náà ti lọ kí òmìnira tó dé. Ẹni tó bá kà á yóò bọ́ sí ọjọ́ Àìkú. Fún ọjọ́ tó ṣáájú 1900, bíi ti Atchoupa tó jẹ́ ọjọ́ Àìkú, ẹ rántí pé oṣù kejì 1900 kò ní ọjọ́ 29.