Èsì: Router onígbì méjì tí kò dé yàrá ẹ̀yìn

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Router tuntun (ẹ̀rọ tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì káàkiri ilé) tí ẹ ní ó ń já ní yàrá ẹ̀yìn kò bàjẹ́. Ìgbì méjì ló ní, 2.4 GHz àti 5 GHz; 5 GHz tí fóònù yín ń lò ni ògiri ń dá dúró. Ẹ so fóònù mọ́ 2.4 GHz nígbà tí ẹ bá wà níbẹ̀, nítorí pé ìyẹn, bí kò tilẹ̀ yára tó èkejì, máa ń rìn jìnnà, ó sì ń la ògiri kọjá jù ú lọ; pàápàá ní ilé àtijọ́ bíi tiyín ní Ìtòkú, tí ògiri rẹ̀ nípọn.

Ìmọ̀ràn yìí wúlò bí íntánẹ́ẹ̀tì bá ń yára nígbà tí ẹ bá jókòó ti router. Bí ó bá ń falẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú, ẹ bi àwọn tí ẹ ń ra dátà lọ́wọ́ wọn.

Bí orúkọ Wi-Fi kan ṣoṣo bá ń hàn fún router yín lórí fóònù, ẹ wọ inú ètò router, kí ẹ fún ìgbì kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tirẹ̀. Bí àwọn aládùúgbò bá pọ̀ lórí 2.4 GHz, ẹ yan channel (ọ̀nà kan nínú ìgbì náà) 1, 6 tàbí 11, èyí tí èrò kò pọ̀ lórí rẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé router náà kúrò lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n. Òkè ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló yẹ ẹ́.